Pátákó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Nù

Kùrukùru ti bo ìlú Padova mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó ti rọra wọ inú gbọ̀ngàn àtijọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní ìṣirò, débi pé iná orí àjà ń tàn bí ìgbà tí a fi aṣọ bo fìtílà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ruggero Pasqualin dúró níwájú kíláàsì, ó fi ìka méjì tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní òfin kan wà tí òun fẹ́ sọ, ẹni tó bá sì gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò òun yóò fìdí rẹmi, ì báà jẹ́ póòpù fúnra rẹ̀.

"Ẹ wo àwọn lẹ́tà kéékèèké tó ń jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn lẹ́tà ńlá wọ̀nyí," ó ní, ó sì kọ aᵢbᵢ sórí pátákó tuntun. "Bí ẹ bá rí ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìsọdipúpọ̀ kan, ẹ má wá àmì àròpọ̀ kiri. Lẹ́tà yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kí ẹ rò ó pọ̀. Ẹ fi ení sí ipò rẹ̀, ẹ fi èjì, ẹ fi ẹ̀ta, títí yóò fi tán, kí ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni o. Bó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ta ló máa mọ èwo ni ẹnì kejì èwo?"

Bó ti ń sọ ọ́, ó kẹ́yìn sí pátákó dúdú kan tó wà lápá òsì, tí wọ́n fi okùn pupa yí ká bí ibojì ẹni mímọ́. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí pátákó náà, ẹfun rẹ̀ sì ti ń ṣá:

aᵢbᵢaᵢbᵢ =

Lẹ́tà kékeré kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́rin gbáko. Lẹ́yìn àmì ìdọ́gba, òfìfo ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀, òdo ni. Bí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Elvio Bortolaso bá kọ ọ́, ìjìnlẹ̀ ni. Wọ́n ṣáà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣùgbọ́n lórí àga kẹta, bírò jábọ́ lọ́wọ́ Mirta Bortolaso, ọmọ-ọmọ olóògbé náà. Ó tún ti gbọ́ ọ. Ìró ẹfun lára pátákó: kọ́, kọ́, kọ́. Ó wo ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Pasqualin. Àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ méjèèjì wà.

Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ni ìró yìí ti ń tẹ̀ lé e. Bó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, á gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, òórùn kóòtù onírun tí bàbá àgbà rẹ̀ máa ń wọ̀ á ṣàdédé gba afẹ́fẹ́ níbi tí kò sí ẹnì kankan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìṣirò kì í sọ pé òkú ń kan ẹfun mọ́ pátákó fún òun.

Ìtàn pátákó náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka wọn. Lọ́sẹ̀ àwọn òkú, ìgbà tí ìlú náà fi ń rántí àwọn tó ti lọ ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, nígbà tí Mirta wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bortolaso kọ ìlà yẹn, ó sì sọ fún obìnrin tó ń gbá gbọ̀ngàn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, kò dìde mọ́. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún agbálẹ̀ di ìhágún. Pasqualin, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, ti kọ ìwé méjì nípa ìlà náà. Ó ní Bortolaso kì í ṣẹni tí í ṣi lẹ́tà kọ, nítorí náà, òfin tuntun kan ló fẹ́ fi han aráyé, tí ikú kò jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe ìdánwò àfẹnuṣe á kọ́kọ́ na ọwọ́ kọjá okùn pupa, wọ́n á fi kan etí pátákó náà, kí wọ́n tó lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́.

Mirta sì ti fi epo sí iná yìí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama ń fọ́nnu lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan ní ilé lẹ́bàá òkun, bàbá òmíràn ní ọkọ̀ ojú omi. Kí ni Mirta ní? Ìyá àgbà kan àti àwọn ìwé tó kún eruku. Ló bá la ẹnu, ó ní, "Bàbá àgbà mi sọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdọ́gba yẹn fún mi kó tó kú. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i, ó sì dùn mọ́ ọn bí oyin. Irọ́ kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó yá ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Kí oṣù tó pé, Pasqualin fúnra rẹ̀ ti gbé àkàrà òyìnbó wá sílé wọn. Ọmọ náà ní òun ti búra pé òun kò ní sọ ọ́ títí òun yóò fi kàwé dé ibi tó yẹ. Pasqualin tẹrí ba fún un. Àgbàlagbà, ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tẹrí ba fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Láti ìgbà náà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ya ọ̀nà fún un. Irọ́ tó bá sì pẹ́ lẹ́nu, ẹni tó pa á á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní báyìí, ọjọ́ ẹ̀jẹ́ ti dé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò fi dígí bo pátákó náà títí láé, Mirta ni yóò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí kíláàsì tú, Tancredi Grigoletto, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í gbé ahọ́n rẹ̀ sinmi, fi èjìká gbá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ajogún," ó ní, "ṣé o ti há a sórí? Màmá mi ti ra aṣọ tuntun torí ọ̀rọ̀ rẹ. Má jẹ́ kí owó aṣọ yẹn ṣòfò o."

Mirta kọjá lára rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà odò. Ọ̀rọ̀ Pasqualin ṣì ń yí lórí rẹ̀: ta ló máa mọ èwo ni ẹnì kejì èwo? Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kì í ṣe lẹ́nu Pasqualin.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkúta lẹ́bàá odò Piovego, níbi tí kùrukùru kò ti jẹ́ kó rí omi, ó sì jẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn yẹn padà wá, èyí tó ti ń fi irọ́ bò mọ́lẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá.

Bàbá àgbà ló lọ mú un nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Gbọ̀ngàn ṣófo. Eré kan wà tí àwọn méjèèjì máa ń ṣe: bàbá á kọ nǹkan sí pátákó, á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kan síbẹ̀, bí ọmọ bá rí i, á gba bisikíìtì álímọ́ńdì kan, irú àwọn kéékèèké aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wà àwọn òkú, tí wọn kì í tà ju ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún. Lọ́jọ́ náà, ẹyin ni bàbá fi ń kọ́ ọ. Apẹ̀rẹ̀ irú kìíní jẹ́ ẹyọ kan, ẹyin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ irú kejì jẹ́ méjì, ẹyin kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn. Iye apẹ̀rẹ̀ ni a, iye ẹyin inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni b. Bí a bá kọ aᵢbᵢ, ó túmọ̀ sí pé kí a ka gbogbo ẹyin: mẹ́ta àti méjì, ó di márùn-ún.

"Ó dáa," bàbá ní. "Mo wá fẹ́ sọ márùn-ún yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀." Ó kọ ìlà yẹn, kọ́, kọ́, kọ́, ó sì yíjú sí i. "Níbo ni mo ti gbé e gbòdì, Mirta? Rántí ijó ọjọ́ ọdún: tọkùnrin tobìnrin, ẹni méjì méjì ló ń di ara wọn mú. Bí ẹni mẹ́rin bá ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú agbo, ta ló máa mọ èwo ni ẹnì kejì èwo?"

Ẹsẹ̀ Mirta tutù, ebi sì ń pa á. "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dá bisikíìtì náà padà sí àpò kóòtù. Agbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú dọ́sítà lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún o," ni bàbá sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n dé ìta ló tó fi ìyókù kún un, létí Mirta: "Títí ìwọ yóò fi rí i."

Lórí bẹ́ǹṣì náà, Mirta fi ìka ka ẹyin lórí itan rẹ̀. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó ti wà lórí pátákó, tí lẹ́tà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì, irú kìíní kò lè bá ẹnikẹ́ni jó àfi irú kìíní, irú kejì àfi irú kejì: mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, méjì lọ́nà méjì. Mẹ́sàn-án àti mẹ́rin. Mẹ́tàlá. Ẹyin méjìlá ti sọnù, wọ́n sì fẹ́ fi dígí bo àṣìṣe náà.

Ìdí tí ìró ẹfun náà fi ń tẹ̀ lé e nìyí. Olùkọ́ ló ń kan pátákó pé kí ọmọ dáhùn.

Nígbà tó délé, ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Amabile, ti gbé ife omi kan sí àyè olóògbé lórí tábìlì, bó ti máa ń ṣe lọ́sẹ̀ àwọn òkú, torí wọ́n ní òùngbẹ máa ń gbẹ wọn lójú ọ̀nà. Mirta jókòó, ó wo omi náà títí.

"Màmá àgbà," ó ní, "ṣé Bàbá àgbà máa ń ṣe àṣìṣe?"

"Ta ni? Elvio?" Màmá Amabile fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ nù. "Ọkùnrin tó bu iyọ̀ sí kọfí bàbá mi lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi? Àwọn ará yunifásítì ló sọ ọ́ di ẹni mímọ́, ọmọ mi. Èmi tí mò ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò bá wọn mọ̀ sí i." Ó tún ń ro ọbẹ̀. "Nǹkan kan wà tí kò yé mi títí di òní. Lọ́jọ́ tó ṣubú, mo bá ẹ̀wà òkú kan nínú àpò kóòtù rẹ̀. Kì í sì í jẹ ẹ́, ó ní ó máa ń lẹ̀ mọ́ òun léyín. Mo fọ́n ọn fún àwọn ẹyẹlé."

Mirta gbé ojú sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi í ní wákàtí yẹn bí òkú ṣe ń wọ ilé, kò ní sọ pé láti ojú fèrèsé ni; yóò sọ pé láti inú àpò kóòtù ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Pasqualin pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fún un ní kọfí, ó sì na ojú ìwé kan sí i. Gbogbo ohun tí òun rò pé ìlà náà túmọ̀ sí ló ti kọ síbẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọdé lè gbàgbé, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Kí ó ṣáà ka ìwé náà níwájú àwọn èèyàn, kí ó sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀.

"'Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá àgbà mi ṣe sọ ọ́.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní. Ó fi kún un, bí ẹni tó kàn rántí, pé àyè kan ṣoṣo wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti tẹ̀ lé òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlú Trieste, àti pé orúkọ Mirta ló wà lọ́kàn òun.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó wo àwòrán Bortolaso lára ògiri, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Bàbá àgbà rẹ ló sọ mí dèèyàn," ó ní. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ara wọn púpọ̀ náà máa ń fẹ́ràn ẹlòmíràn. Wọ́n kàn ń fẹ́ kí onítọ̀hún jọ àwọn ni.

"Ẹ ṣé, sà," ni Mirta wí. Ó ká ìwé náà, ó fi sápò. Ó fẹ́ Trieste. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ ẹ débi tí oorun kò fi kùn ún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Aṣojú olórí ìlú wà níbẹ̀, ìyá Tancredi wà níbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, Màmá Amabile sì jókòó ní iwájú pátápátá pẹ̀lú báàgì lórí itan. Dígí ńlá fi ara ti ògiri, òṣìṣẹ́ méjì dúró tì í. Kùrukùru dúró lójú fèrèsé bí àwọn tí kò rí àyè jókòó. Pasqualin sọ̀rọ̀ ó pẹ́, ó dárúkọ ìwé rẹ̀ méjèèjì, ó sì pe Mirta.

Mirta tú ojú ìwé náà. Ìró náà bẹ̀rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó ròkè débi tí kò fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Ó ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ka èkejì. Ó dúró.

"Mo purọ́," ó ní.

Pasqualin ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

"Bàbá àgbà mi kò sọ àṣírí kankan fún mi. Ìbéèrè ló bi mí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe, ó ní kí n wá a kí n lè gba bisikíìtì, mo sì ní kò sí. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ nù ún títí màá fi rí i. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tó rí i."

Ó sọ ti ẹyin àti apẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ó sọ ti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti mẹ́tàlá. Kò gùn, ọmọ ọdún mọ́kànlá náà lè gbọ́ ọ. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn pupa. Gbogbo gbọ̀ngàn mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Etí apá aṣọ rẹ̀ ló fi nu lẹ́tà kékeré méjì tó kẹ́yìn, ó fi òmíràn rọ́pò wọn, ó sì kọ ohun tó kù sí ibi òfìfo:

aᵢbᵢaⱼbⱼ = 25

Ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó tẹ́tí. Kò sí ìró kankan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá, gbọ̀ngàn náà kàn jẹ́ gbọ̀ngàn lásán.

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Amabile ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹyẹlé! Mo fọ́n ọn fún ẹyẹlé," kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń wí àfi ọmọ kan ṣoṣo.

Ojú Pasqualin ti rí bí ìyẹ̀fun pípò tí kò wú. "Ó dá ọ lójú?" ó bi í, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó dá mi lójú, sà. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wúkọ́, ó béèrè ibi tí àwọn yóò gbé dígí sí.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn. Tancredi ló lọ sí Trieste. Àwọn tó ti ń ya ọ̀nà fún Mirta wá ń pè é ní Ìyá Dọ́sítà, àwọn kan sì ní ó ti ba ẹ̀ka wọn jẹ́ lójú ìlú. Nínú ìdánwò àfẹnuṣe, Pasqualin fi ìbéèrè lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n ló fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti má gba máàkì, kí ó padà wá nígbà mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ìgbéraga ló máa ń kọ̀ ọ́. Mirta gbà á. Ó ní òun kò tíì ní ohunkóhun tó jẹ́ tòun tó mẹ́rìnlélógún rí.

Ní ti Pasqualin, ẹ má banú jẹ́ fún un. Kí ọdún tó yí po, ó ti ń kọ ìwé kẹta: lórí bí Bortolaso ṣe ń fi àṣìṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe kọ́ni, èyí tí ó ní òun ti fura sí láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ayẹyẹ tó dàrú náà, Mirta àti ìyá àgbà rẹ̀ gbé òdòdó lọ sí ibojì. Màmá Amabile ṣí báàgì, ó yọ ẹ̀wà òkú kan, pupa rẹ́súrẹ́sú, nínú bébà.

"Gbà. O rí àṣìṣe, àbí o ò rí i?"

"Mo pẹ́ jù, Màmá àgbà. Kí n gbé e sí orí ibojì?"

"Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ láyé ni wàá gbé e fún lọ́run? Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Tìrẹ ni."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí, irọ́ tí a fi gbé òkú ga kì í jẹ́ kí òkú sinmi, kì í sì í jẹ́ kí alààyè sùn. Ẹni tí a fẹ́ràn kò fẹ́ kí a fi dígí bo òun. Ó fẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè òun, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Àṣìṣe tí a bá sì fi ọwọ́ ara wa nù kúrò níwájú àwọn èèyàn, kò tún ní agbára láti kan ilẹ̀kùn wa mọ́.

Mirta jẹ ẹ́. Bàbá àgbà kò purọ́: ó lẹ̀ mọ́ ọn léyín títí wọ́n fi délé.